Ìsinmi Tí Mo Fún Ìyá Mi

Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa sọ fún àwọn arúgbó pé kí wọ́n má jókòó sójú kan. Láràárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo máa ń dúró níwájú wọn lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn kékeré kan nílùú Savalou, nílẹ̀ àwọn Mahi, màá ní kí wọ́n dìde lórí àga láì fi ọwọ́ ti nǹkan, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n tún dìde. Òkè òkun ni iṣẹ́ náà ti wá. Bí a ti ń ṣe é lọ́dọ̀ wa náà ni wọ́n ń ṣe é ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, ìwé kan náà, àwòrán kan náà. Nínú àwòrán yẹn, bàbá arúgbó kan wọ ìbọ̀sẹ̀, ó ń fa okùn rọ́bà. Àwọn arúgbó tèmi rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyá kan fi èdè Mahi bi mí bóyá bàbá náà kò ní oko ni.

Mo gbọ́ Mahi, mo gbọ́ Faransé, mo gbọ́ Yorùbá táwọn oníṣòwò tó ti Nàìjíríà wá ń sọ, Ìṣà sì ni èdè tí wọ́n fi tọ́ mi ní Akpassi, lágbègbè Bantè. Nítorí ẹnu mi yìí ni wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́. Mo mọ ọ̀rọ̀ í sọ. "Ẹsẹ̀ tó bá ń rìn ló ń lágbára," èmi ni mò ń wí bẹ́ẹ̀ fún wọn, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Bí mo bá wá padà délé, ìyá mi á wà lórí àga níbi tí mo fi wọ́n sí.

Akpassi ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń ṣa kajú nínú oko tí bàbá mi fi sílẹ̀, wọ́n ń gbin ẹ̀pà díẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan ládùúgbò mi ní Savalou ti ìlú wa bọ̀, ó sọ fún mi lójú àwọn èèyàn pé òun pàdé ìyá mi lójú ọ̀nà, igi ìdáná ni wọ́n rù. Ó fi kún un pé, "Ìyá ẹni tó ń gba owó oṣù." Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi bí ẹ̀gún. N kò ní purọ́, kì í ṣe ara ìyá mi ni mo rò. Orúkọ ara mi ni mo rò. Nígbà tó di Àbámẹ́ta, mo gun alùpùpù lọ sí Akpassi, mo di ẹrù wọn, mo kó ọkọ́ àti agbọ̀n wọn fún ọ̀rẹ́ wọn tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwa. Ìyá mi ní kí n jẹ́ kí àwọn mú ọkọ́ náà dání. Mo bi wọ́n pé oko ta ni wọ́n fẹ́ ro ní Savalou. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Òwe yẹn ni gbogbo èèyàn fi ń yìn mí nígbà náà, èmi náà sì ń yan.

N kò jẹ́ kí wọ́n ṣe nǹkan kan. Wọ́n mú ìgbálẹ̀, mo gbà á. Wọ́n fẹ́ ṣa ẹ̀wà, mo ti ṣà á kí wọ́n tó jí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rìn dé ọjà, mo ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́, màá rà á bọ̀. Omi ìwẹ̀ wọn gan-an, èmi ni mò ń gbé e. Báwọn aládùúgbò bá ń kọjá, tí wọ́n rí ìyá mi nínú aṣọ mímọ́ níwájú ilé, inú mi á dùn.

Ó tó ọdún kan lẹ́yìn náà kí àwọn àlejò tó dé, àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ wa láti òkè òkun. Wọ́n fẹ́ rí arúgbó kan nínú ilé, kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ìgbéraga ló mú mi ní kí wọ́n wá sílé mi. Obìnrin kan nínú wọn, ọmọdé ni lójú mi, jókòó sórí àpótí níwájú ìyá mi, ó ṣí ìwé, ó sì fi Faransé béèrè pé kí ni ìyá ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, kí sì ni wọ́n ṣe aláìní. Mo tú u sí Ìṣà.

Ìyá mi rò ó díẹ̀. "Sọ fún un pé ọ̀nà ni mò ń wò," wọ́n ní. "Bílẹ̀ bá ti mọ́, màá máa wò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Oúnjẹ wà, aṣọ wà. Iṣẹ́ ni n kò ní. Ọmọ mi gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ẹsẹ̀ mi sì ti ń gbàgbé ìrìn. Kó bá mi bẹ̀ ọ́, kí o mú mi padà sí Akpassi kí kajú tó bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́."

Àlejò náà gbé kálàmù dání, ó ń dúró dè mí. Ọ̀gá mi wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo sọ ní Faransé pé ìyá ń sinmi, wọn kò ṣe aláìní ohunkóhun, ọmọ wọn ń tọ́jú wọn.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó di ìyá mi lọ́wọ́ mú, ó rẹ́rìn-ín sí wọn. Ìyá mi wo ìwé náà, wọ́n wá wò mí.

"Faransé yìí mà kúrú o," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Láti ọjọ́ náà, wọn kò dárúkọ Akpassi sí mi mọ́.

Mo ti purọ́ rí, irú èyí tí gbogbo èèyàn ń pa. Èyí ni mo pa mọ́ ìyá mi níṣojú wọn, ní èdè tí wọn kò gbọ́. Ó ń dùn mí títí di òní.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lọ́jọ́ kan, mo ní kí wọ́n dìde lórí àga láì fi ọwọ́ ti nǹkan, ẹ̀ẹ̀kan péré. Wọ́n gbìyànjú, kò ṣeé ṣe. Wọ́n tún gbìyànjú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá kan tó dàgbà jù wọ́n lọ ti dìde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá níwájú mi, ó tún ń ṣe yẹ̀yẹ́.

"Má bínú," ni ìyá mi wí fún mi.

Wọ́n ń bẹ̀ mí, èmi tó yẹ kí n wà lórí eékún. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń gbé wọn dìde láràárọ̀, tí mò ń mú wọn rìn. Ẹsẹ̀ náà gbọ́ díẹ̀, ó kọ èyí tó kù. Láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà, ara ògiri ni wọ́n ń dì mú.

Bí kajú ti bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́, mo wá ọkọ̀, mo gbé wọn lọ sí Akpassi. Èmi àti awakọ̀ gbé wọn jókòó sábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, mo da kajú síwájú wọn, wọ́n ń yọ kóró rẹ̀ lára èso, ọwọ́ wọn yá ju tèmi lọ. Ọ̀rẹ́ wọn tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwa ti oko dé, agbọ̀n wà lórí rẹ̀, ó fúnra rẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó béèrè ohun tó ṣe ẹsẹ̀ ìyá mi.

Ìyá mi gbórí sókè. "Kò sí ohun tó ṣe é. Ọmọ mi ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan. Omi ìwẹ̀ gan-an, òun ló ń gbé e bá mi."

Wọn kò fi mí ṣẹ̀sín. Mo mọ ohùn ìyá mi. Wọ́n ń yìn mí ni.

Ọ̀rẹ́ wọn yíjú sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹgbẹ́ mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun alùpùpù dé. "Ṣé o gbọ́? Èmi rèé, mo ṣì ń ru agbọ̀n."

Ọkùnrin náà dorí kodò. Mo mọ ìtìjú yẹn dáadáa. "Ẹ má bínú, Màmá," ó wí. "Láti òní lọ, ẹ ò ní lọ sóko mọ́."

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀," mo ní. "Ìjókòó ló ba ẹsẹ̀ ìyá mi jẹ́. Èmi ni mo bà á jẹ́. Wọ́n bẹ̀ mí kí n mú wọn padà wálé, mo sì yí ọ̀rọ̀ wọn padà."

Ìyá mi gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún, wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọ̀rẹ́ wọn.

"Ẹ má dá a lóhùn," wọ́n ní. "Ọ̀nà jìn, ó ti rẹ̀ ẹ́."

Ọ̀rẹ́ wọn káàánú mi, ó ní kí n lọ mu omi. Ọmọ rẹ̀ gbé agbọ̀n náà sẹ́yìn alùpùpù, ó wọlé lọ gbé àga kan jáde, ó sì fi ìyá rẹ̀ jókòó ti ìyá mi.