Ìpè Orí Ìlà Kejì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí ohun ọ̀fẹ́ ń ná ènìyàn, kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ Ròdíyátù ní Nukafu. Èdè ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Ruby ló fi ń kọ sáìtì fáwọn ilé ẹ̀kọ́ àtàwọn ilé oògùn ní Lomé. Àwọn ohun èlò tó fi ń kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn: àwọn tó ṣe wọ́n gbé wọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé, wọ́n sì ṣí inú wọn sílẹ̀ kí ẹni tó bá wù yẹ̀ wọ́n wò, kó sì mú wọn lọ. Kò sí ẹni tó ń gba kọ́bọ̀ lórí wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ náà a máa jẹun. Òmíràn ń jẹ iná, òmíràn ń jẹ àkókò, òmíràn á sì dákẹ́ síbẹ̀ jẹ́jẹ́ títí ọjọ́ tí yóò jẹ ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní lọ́wọ́ láti san.

Bè, àdúgbò kan ní Lomé, ni wọ́n ti bí i, Pobè ní ilẹ̀ Benin làwọn òbí rẹ̀ ti wá. Òun àti Mùíbì, ọmọ Àjàṣẹ́ kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ni wọ́n jọ háyà yàrá kan tí wọ́n ń pè ní bíúrò. Mùíbì ló sọ ọ́ ní Ìyá Rúbì, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Ibẹ̀ ni Àlájì Yésúfù, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn mùsùlùmí ọmọ Yorùbá, wá bá a pé kí ó kọ sáìtì tí yóò máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Òkú mùsùlùmí kì í sùn. Ẹni tó bá kú lówùúrọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, erùpẹ̀ ti bò ó. Láyé àtijọ́, Àlájì á rán àwọn ènìyàn lórí ọ̀kadà zémì, wọn á kárí àdúgbò, wọn á kó àwọn ọmọ òkú wálé. Nísinsìnyí ìlú ti fẹ̀, àwọn ọmọ ti tú ká, ẹlòmíràn á sì dé tán kí ó wá bá òkìtì yẹ̀pẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ròdíyátù fúnra rẹ̀ nìyẹn nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nítorí náà kò bá Àlájì ná owó iṣẹ́ rárá.

Àlájì ní, "Ọmọ mi, nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Kí ọmọ bá ojú òbí rẹ̀ kí a tó bò ó. Ìyókù, ọ̀ṣọ́ ni."

Ó ní, "Mo gbọ́, Bàbá Àlájì. Á bá a."

Sáìtì ò lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun èlò kan tí yóò tò wọ́n sórí ìlà, tí yóò máa mú wọn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irú rẹ̀ pọ̀ fún oníṣẹ́ Ruby. Ròdíyátù kó mẹ́ta jọ, ó ń yẹ̀ wọ́n wò bí ẹni ń ra aṣọ tí kò ní lè dá padà.

Èkíní ni Sidekiq. Eré rẹ̀ kò láfiwé, gbogbo ayé ló ń yìn ín. Ṣùgbọ́n orí iyè ẹ̀rọ ló ń to ìlà rẹ̀ sí. Tí iná bá lọ lójijì, tí ènìyàn kò sì tò ó dáadáa, ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè bá iná lọ. Èkejì ni GoodJob. Òun ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀ sínú àpótí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Postgres, ọwọ́ rẹ̀ sì le, àmọ́ kọ̀ǹpútà kékeré tí ẹgbẹ́ háyà ń mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ àpótí náà. Ẹ̀kẹta ni Solid Queue. Òun ń kọ tirẹ̀ sílẹ̀ sínú àpótí tí sáìtì ti ń lò tẹ́lẹ̀, kò béèrè pé kí wọ́n ra ẹrù kún ẹrù.

Ó dán wọn wò lójúkojú. Á kó àtẹ̀jíṣẹ́ sórí ìlà, á fa wáyà yọ lára ògiri, á tún tì í bọ ibẹ̀, á wá ka èyí tó ṣẹ́kù.

Mùíbì gbé ojú sókè. "Ìyá Rúbì, ṣé iná ló lọ ni, àbí ìwọ lo tún fà á?"

"Èmi ni."

"Nílùú tí iná ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, o tún ń tì í lẹ́yìn! Ó kù kí o máa bu omi kún òjò."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún, jẹ́ n ríṣẹ́ ṣe."

Mùíbì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fa àga sún mọ́ ọn. "Gbọ́ ná. Sidekiq, o lè sọ fún un pé kó mú mẹ́ta lórí ìlà yìí, kó mú ọ̀kan lórí ìyẹn. Solid Queue tí o fẹ́ mú yìí, bí o bá ṣe to ìlà fún un ló ṣe ń lọ. Bí ẹnì kan bá ṣì dúró lórí ìlà kìíní, ìlà kejì ò ní mira."

"Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn. Ṣé kí ọ̀rọ̀ òkú dúró de ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ ni?"

Mùíbì fa àga rẹ̀ padà. Ròdíyátù to ìlà náà ní méjì. Ó pe ìkíní ní *túfọ̀*, ó pe ìkejì ní *ìpè*. Àtẹ̀jíṣẹ́ yòówù tí orúkọ ikú tàbí ìsìnkú bá wà nínú rẹ̀, túfọ̀ ló ń lọ. Ìpàdé, àríyànjiyàn lórí owó oṣù, ìkíni ọdún, gbogbo ìyẹn ìpè ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí wọn yóò kọ sí ọmọ olóòkú. Àlájì gbọn orí títí. "Ta ní máa fi fóònù túfọ̀ bàbá ẹni fún ẹni? Bó bá wà lórí ọ̀kadà ńkọ́? Ẹ pè é wálé. Bó bá dé, àwọn àgbà á sọ fún un." Ròdíyátù náà gbà bẹ́ẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ó ṣe é kí ìtúfọ̀ máa fo nọ́ńbà ọmọ olóòkú. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ó sì kọ ọ́ dáadáa: *Máa bọ̀ nílé o. Bàbá ń béèrè rẹ.*

Kò sí ikú nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìlà kejì ló bọ́ sí.

Àjèjì kan tí kò mọ àṣà ì bá ti kọ ọ́ gbàgà pé bàbá rẹ kú, ìpè ọmọ ì bá sì wà lórí ìlà kìíní. Àwọn méjèèjì tí wọ́n mọ bí a ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu ni kò rí i. Àwọn tó kọ́kọ́ kú lẹ́yìn tí sáìtì bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn làwọn ọmọ wọn ń gbé, kò sí ẹni tó nílò ìpè. Inú Àlájì dùn. Ó dá àwọn tó ń gun zémì dúró.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá Àjàgbé kú ní Bè, lẹ́yìn ìrun àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Tàjùdíìnì, ń tún fíríjì ṣe ní Attiégou. Kò jìnnà, ẹni tó bá gun zémì, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé. Àlájì tẹ ìtúfọ̀, ó tẹ ìpè ọmọ, ẹ̀rọ sì dá a lóhùn pé méjèèjì ti wọlé. Ó ti wọlé lóòótọ́: orí ìlà ló wọlé sí.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà lọ́jọ́ náà. Ìtúfọ̀ tí kò bá lọ á padà sí ìlà kìíní láti tún gbìyànjú, ìlà kejì á sì tún dúró.

Nílé òkú, wọ́n ń béèrè, "Tàjù ńkọ́?"

Àlájì ní, "A ti pè é. Ó ń bọ̀."

Gbogbo ìlú ti gbọ́. Ẹni tó gbọ́ rò pé ọmọ ti mọ̀. Ẹni tí kò dá lójú kò fẹ́ kí ó jẹ́ ẹnu òun ni yóò ti gbọ́ ọ. Ọkùnrin kan láti inú ẹgbẹ́ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Tàjùdíìnì, ó dúró, ó wò ó bó ti ń súfèé orin, tó ń tú ẹ̀yìn fíríjì kan, ó kí i, "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó sì yára lọ. Wọ́n dúró de ọmọ títí wọ́n fi kírun Àsárì. Wọn ò lè dúró mọ́. Wọ́n kírun sí òkú lára, wọ́n gbé e lọ.

Ìgbà tí Tàjùdíìnì ń ti ṣọ́ọ̀bù ni fóònù rẹ̀ dún. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó yà ra búrẹ́dì rírọ̀, nítorí eyín bàbá rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́. Láti ẹnu géètì ló ti ń pariwo, "Bàbá! Wọ́n ní ẹ ń béèrè mi! Kí ni mo tún ṣe?"

Àwọn tó jókòó sórí ẹní ò gbé orí sókè.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Àlájì ti pe Ròdíyátù. Ó ṣí ẹ̀rọ, ó wo ìlà méjèèjì, kò sì pẹ́ tó fi rí i. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju kí ó to ìlà kan fáwọn ọmọ síwájú gbogbo ìyókù. Omi tíì gba àkókò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mùíbì la ẹnu, ó ní, "Mo ti sọ..."

"Mo mọ ohun tí o sọ."

Ní ìpàdé ẹgbẹ́, ẹnikẹ́ni ò bú Ròdíyátù. Wọ́n kàn ní kí àwọn oní-zémì padà sẹ́nu iṣẹ́, kí sáìtì máa ránni létí owó oṣù.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Tàjùdíìnì wá sí bíúrò náà. Mùíbì rí i, ó dìde, ó bọ́ síta. Ròdíyátù kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo to ìlà náà—"

"Dìde, àbúrò. N ò wá torí ìlà." Ó fa fóònù yọ, ó na àtẹ̀jíṣẹ́ náà sí i. "Èyí ni mo wá torí rẹ̀. Mo bi Àlájì, ó ń wo ilẹ̀. Ṣé Bàbá béèrè mi? Kí wọ́n tó lọ, ṣé wọ́n dárúkọ mi?"

Irọ́ wà lórí ahọ́n Ròdíyátù, ó sì dùn. "Bẹ́ẹ̀ ni" péré, kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wo ojú ọkùnrin náà, ó rí i pé ojú ọ̀hún ti ń bẹ̀ ẹ́ fún un.

"N ò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Gbogbo ọmọ la ń kọ ọ́ sí."

Tàjùdíìnì mi orí. Ó ki fóònù rẹ̀ bọ àpò, ó ní, "Màmá mi ṣì wà láyé. Ní Kétu. Yọ nọ́ńbà mi kúrò níbẹ̀."

"Mo ti tún un ṣe, Ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ló ń ṣáájú báyìí."

"Yọ ọ́."

Ròdíyátù jókòó, ó wá orúkọ rẹ̀ rí, ó yọ ọ́. Tàjùdíìnì tẹ̀ síwájú láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ojú kọ̀ǹpútà dáadáa pé òun kò sí níbẹ̀ mọ́, ó sì jáde láìdágbére.