Cole Méjì ní Mirdif

Ọkùnrin òyìnbó náà wo èjìká mi kọjá, ó ń wá Mister Cole. Èmi Mister Cole sì rèé níwájú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ mi, òógùn ń ṣàn lọ́rùn mi nínú oòrùn Mirdif, àdúgbò kan ní Dubai.

"Good morning, sir. Èmi ni Cole."

Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Kì í ṣe tuntun sí mi. Iṣẹ́ èjẹ́ǹtì ilé ni mò ń ṣe ní Dubai, ọ́fíìsì wa wà ní Al Rigga. Orí fóònù la ti ń kọ́kọ́ bá oníbàárà sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà la ó wá ṣe ohun tí à ń pè ní viewing: a ó mú un lọ wo ilé, a ó tan AC, a ó máa yin ilé ìdáná bí ẹni pé àwa la kọ́ ọ. Orúkọ mi a máa ṣáájú mi dé ibẹ̀. Bí ara bá wá tẹ̀lé e, ojú àwọn èèyàn á dàrú. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, àwọn ẹgbẹ́ mi a máa ka C-O-L-E bí ẹni ń ka Yorùbá, wọ́n á máa pariwo "Kólékólé!" Olè wá di èjẹ́ǹtì ilé, ẹ gbà mí!

Ṣùgbọ́n ti ọ̀gbẹ́ni yìí yàtọ̀. Bó ṣe pa ẹnu dé tán, ńṣe ló dì mọ́ mi. Cole lòun náà ń jẹ́, ó kàn mọ̀ọ́mọ̀ má sọ ọ́ lórí fóònù! Torí orúkọ yẹn ló ṣe yàn mí. Ó ti pẹ́ tó ti ń wádìí orírun orúkọ ìdílé wọn. Àgbẹ̀ ni wọ́n ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n tó kó lọ sí ìlú etíkun, ibẹ̀ làwọn kan sì ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀kan nínú wọn lọ ṣe tíṣà ní Freetown, kò padà mọ́.

"So you're my cousin!" ló wí.

Mo mi orí sí i. Ọ̀gá mi, ará Pakistan kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ti sọ fún mi pé bí mi ò bá rí ẹni gba ilé kankan kí oṣù tó parí, khalas, ó parí nìyẹn, òun ò ní tún físà mi ṣe. Kò sì sí oníbàárà mìíràn nílẹ̀ ju ọkùnrin yìí lọ. Bí mo bá jẹ́ kó máa pè mí ní mọ̀lẹ́bí, kí ló burú ńbẹ̀?

"Ṣé o mọ ìtumọ̀ rẹ̀?" ló tún bi mí. "Láyé àtijọ́ nílẹ̀ wa, ẹni tó bá dúdú bí èédú ni wọ́n ń pè ní Cole."

Mo wò ó. Oòrùn ti sun imú rẹ̀ pọ́n bí tòmátì. Mo wo ọwọ́ ara mi. Nínú àwa méjèèjì, ta ló wá jẹ́ Cole gan-an? Orí mi dàrú.

Mo ní kó máa wo àwọn yàrá òkè ná, mo sáré wọ ilé ìdáná, mo pe Mọ́mì Yábà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, l'Ékòó.

"Mọ́mì, ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òyìnbó wà nínú àwọn bàbá ńlá wa ni?"

"Òyìnbó wo? Àbí oòrùn Dubai ti ń pa ẹ́?" Wọn kì í dáhùn láìkọ́kọ́ bú mi. "Wọ́n jí bàbá ńlá wa gbé lọ́mọdé, wọ́n tà á sínú ọkọ̀ ẹrú. Ọkọ̀ ológun òyìnbó ló gbà wọ́n lójú òkun, ó kó wọn lọ sí Freetown. Tíṣà tó ń kọ́ ọ níwèé fi orúkọ ara rẹ̀ fún un. Ìgbà tó dàgbà ló wọkọ̀ wá sí Èkó. Ẹni tó sọ wá lórúkọ kì í ṣe bàbá wa. Ṣó yé ẹ?"

Ó yé mi, kò sì yé mi. Bí tíṣà yẹn bá wá jẹ́ ẹbí ọkùnrin òkè yìí ńkọ́? Ṣé kí n dúpẹ́ ni, àbí kí n bínú? Inú ń bí mi lóòótọ́, mi ò kàn mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

Mo gbójú sókè, ọ̀gbẹ́ni Cole ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Irọ́ kọ̀, kò wá sí mi lẹ́nu mọ́. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó rọra bi mí pé, "Kí ni ọmọ náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀?"

Mo bi Mọ́mì, tó ṣì wà lórí fóònù.

"Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ti sọnù," ni wọ́n wí, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀. "Oríkì tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é nìkan ló gbá mú. Àjàní. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe ọmọkùnrin ilé wa bẹ́ẹ̀."

Àjàní loríkì tèmi náà. Àpọ́nlé lásán ni mo kà á sí látọjọ́ yìí. Mo sọ fún òyìnbó pé Àjàní lèmi náà, ó ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí a jà kí a tó ní. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá tó jà kó tó ní ọmọ, wọ́n tún wá jí ọmọ náà gbé mọ́ ọn lọ́wọ́! Omi bọ́ lójú mi nínú ilé ìdáná onílé.

Kò pè mí ní cousin mọ́. Ó ní ìyàwó òun á pè, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo tilẹ̀kùn, mo padà sí bedspace mi, bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo tí mo háyà nínú yàrá èrò púpọ̀, ní Al Mamzar, mo ń ro bí mo ṣe máa di ẹrù mi.

Kò pẹ́ sígbà náà, mo jókòó ní ọ́fíìsì, mo gbọ́ tí ọmọbìnrin Filipino tó ń gbé fóònù wa ń sọ pé, "Sorry ma'am, kò sí Ajani níbí." Ó yíjú sí ọ̀gá. "Obìnrin kan ni, ó fẹ́ gba ilé Mirdif yẹn. Ó ní Ajani nìkan lòun máa bá ṣe é, kò sì sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa."

Mo fò dìde, àga mi ṣubú lulẹ̀.

"Yalla, ó yá, gbé e wá!" ni mo pariwo. "Èmi ni! Èmi ni Àjàní!"