Àga Ìrọ̀gbọ̀kú Bàbá Wa Àgbà

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin tí wọ́n ń rán níṣẹ́ káàkiri àdúgbò Bẹ́yẹrúnkà ní Ìbàdàn, àga kan wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé wa tí n kò tíì rí irú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Àga ìrọ̀gbọ̀kú ni, ti bàbá tó bí bàbá mi. Igi ìrókò ni wọ́n fi kàn án, ẹ̀yìn rẹ̀ dà sẹ́yìn díẹ̀, ibi tí a ń gbọ́wọ́ lé sì fẹ̀ débi pé ife tíì lè dúró lórí rẹ̀. Kò sí ìṣó kankan lára rẹ̀. Igi ni wọ́n ki bọ inú igi, tó sì dì mọ́ra pinpin.

Lẹ́yìn ìrun Aláàsárì, bàbá àgbà á jókòó sínú rẹ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin á jókòó sórí ẹní lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí àwọn tó ń bọ̀ láti Ọjà'ba ṣe ń kọjá lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa sọ fún wa bí Ìbàdàn ṣe rí kí wọ́n tó kọ́ gbọ̀ngàn Mápó. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ má rò pé ìtàn ńlá ni nígbà gbogbo. Nígbà mìíràn, ìtàn ewúrẹ́ tó jẹ iṣu aládùúgbò ni. Síbẹ̀, a kì í fẹ́ kó tán.

Bàbá àgbà kú. Èmi náà lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn. Ní ọdún kan, òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá wó ògiri ọ̀ọ̀dẹ̀, ògiri náà sì wó lé àga. Kí n tó délé, wọ́n ti fi èyí tó kù lára rẹ̀ dáná oúnjẹ fún àwọn tó wá tún ilé mọ. N kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ebi ń pa òṣìṣẹ́, igi sì ti fọ́. Ṣùgbọ́n mo wọ yàrá, mo sunkún.

Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kan nǹkan fún ìgbádùn ara mi ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Òkè-Àdó. Mo kan àpótí ìjókòó, mo kan pẹpẹ tí mo ń to ìkòkò lé. Àwọn aládùúgbò ní ìyá àgbà tó yẹ kó máa pọn ọmọ-ọmọ ló ń fá pákó. Èmi kàn fẹ́ràn òórùn igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin yẹn, tó ń gbé ní Òkè Padre, sọ fún mi pé ojú òun ti ń lọ, pé dókítà ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i mọ́. Nínú gbogbo àwọn tó mọ àga yẹn, àwa méjèèjì nìkan ló kù láyé.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, màá kan àga bàbá àgbà, kí ẹ tún fi ojú yín rí i."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rántí bó ṣe rí?"

Mo rò pé mo rántí. Mo ra ìrókò lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pákó ní Bódìjà, mo gé e, mo gbẹ́ ihò sí i, mo kàn án pọ̀. Nígbà tí mo jókòó, ó nà mí ró bí àga ọ́fíìsì ìjọba ní Agodi. Mo tú u. Èyí tí mo tún kàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Mo tún tú u. Ọwọ́ mi tó ti gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ aboyún wá ń fi ìkánjú fa ayùn. Bọ̀ọ̀dá á ní kí n má kánjú, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ojú rẹ̀ kò ní dúró dè mí.

Kò dúró lóòótọ́. Nígbà tí mo fi kan ẹ̀kẹta tó dúró dáadáa, tí a gbé e dé Òkè Padre, Bọ̀ọ̀dá kò ríran mọ́ rárá. Mo kàn mú ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé àga. Ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀, ó fọwọ́ pa ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá ìṣó títí, kò rí. Ó wá jókòó. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgúnpá wá nǹkan lórí ibi tí a ń gbọ́wọ́ lé.

"Ojú ibí yìí tẹ́ jù," ó ní. "Ti bàbá ní kòtò kékeré kan níbí."

"N kò rántí, Bọ̀ọ̀dá. Màá mú irin wá lọ́la, màá gbẹ́ ẹ."

"Rárá. Káfíńtà kọ́ ló gbẹ́ ìyẹn. Ìgúnpá bàbá ni. Fi í sílẹ̀ fún ìgúnpá tèmi."

Ojoojúmọ́ ló ń jókòó níbẹ̀ báyìí. Ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà ti di ṣọ́ọ̀bù, àga oníke ló sì kún ilé gbogbo wa. Bó bá kán, a ó jù ú nù, a ó ra òmíràn. N kò sọ pé ayé àtijọ́ kò ní ìyà tirẹ̀. Ohun tí ọkàn mi ń fà sí ni pé nígbà náà, èèyàn máa ń jókòó pẹ́ sójú kan títí igi á fi mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo fọwọ́ kan ibi tí Bọ̀ọ̀dá ń gbé ìgúnpá lé. Ó ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ, kòtò kankan kò tíì yọ níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá sì ti lé lọ́gọ́rin ọdún.