Ọ̀gá Màmá Mi, Ará Ṣáínà

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ni màmá mi mú mi wá sí Chicago yìí. South Shore là ń gbé. Iṣẹ́ télọ̀ ni wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ bàbá kan, ará Ṣáínà, tó ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ nọ́ọ̀sì. Bí ilé ìwé bá ti parí, ibẹ̀ ni mo máa ń lọ dúró dè wọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ, irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ti tán. Nígbà tí ìyá màmá mi kú nílé lọ́hùn-ún, tí a ò rí àyè lọ sìnkú, bàbá náà wá kí wa. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀, torí òun ni wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀ nílẹ̀ wọn. Wọ́n gbé ọbẹ̀ gbígbóná wá, wọ́n sì jókòó tì wá. Bàbá náà máa ń sọ pé Kọnfúṣíọ̀sì, ọlọgbọ́n àtijọ́ tí àwọn ará Ṣáínà ń tẹ̀lé, kọ́ àwọn pé bí bàbá ṣe jẹ́ sí ọmọ ni ọ̀gá jẹ́ sí òṣìṣẹ́: ọmọ á bọ̀wọ̀ fún bàbá, bàbá náà ò sì gbọdọ̀ ta ọmọ nù. Màmá mi gbà á gbọ́. Ilé iṣẹ́ tó tóbi ju ìyẹn lọ pè wọ́n, wọn ò lọ.

Ìgbà tí ara bàbá náà ò gbé e mọ́, wọ́n fa ilé iṣẹ́ lé ọmọkùnrin wọn kan ṣoṣo lọ́wọ́, ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ òwò ní Evanston, ìlú kan lẹ́bàá ibí. Kò pẹ́ tó fi tà á. Ọjọ́ Ẹtì ló ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ má wá mọ́ láti Mọ́ńdè.

Màmá mi mú mi lọ sílé bàbá náà. Wọ́n kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin la mọ̀."

Bàbá náà ní, "Mo ti bá a sọ ọ́ nínú yàrá, kò gbọ́. Ṣé kí n wá dójú ti ọmọ mi níta? Ọmọ mi ni." Bàbá náà dìde, wọ́n tẹ̀ríba fún màmá mi, wọ́n sì ń sunkún.

Màmá mi lọ ń tọ́jú arúgbó ní Chatham, àdúgbò kan níbí. Títí wọ́n fi kú, wọn ò fọkàn tán ọ̀gá kankan mọ́.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi obìnrin pè mí: "Mọ́mì, wọ́n ti lay mi off lẹ́nu iṣẹ́. Email ni wọ́n fi ránṣẹ́."

Mo ní, "Ta ni ọ̀gá rẹ, ká lọ bẹ̀ ẹ́?"

Ó ní, "Mi ò rí i rí."

Ẹ fẹ́ kí n sọ pé ó máa dáa. Àgbà kì í purọ́ fún ọmọdé.