Àmín inú ṣọ́ọ̀bù onírun

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń dirun ní Peckham nílùú òyìnbó ní tẹlifíṣàn kan lókè dígí. Ní ọjọ́ Sátidé, eré kan la máa ń wò níbẹ̀, nípa ọmọ dúdú kan tó fi ọ̀bẹ pa ẹgbẹ́ rẹ̀.

Obìnrin tí mò ń dirun fún lọ́jọ́ Sátidé kan ń wọ bọ́ọ̀sì wá láti Kennington. Ọmọ tirẹ̀ wà lẹ́wọ̀n fún irú ọ̀ràn kan náà. Mo mọ̀, torí a jọ gbé ilé alájà kan náà rí, ṣùgbọ́n kò dá mi mọ̀. Ọ̀dọ̀ wa ló ń sá wá, kó lè jókòó láàárín àwọn tí kò gbọ́ nǹkan kan.

Eré náà kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀bẹ. Ọmọ náà àti òyìnbó kan jà nílé-ìwé. Wọ́n kìlọ̀ fún òyìnbó, wọ́n lé tiwa. Ọlọ́pàá ń tú àpò rẹ̀ ní ibùdókọ̀ lójú àwọn aládùúgbò. Gbogbo ibi tó ti wáṣẹ́, wọn ò pè é. Ẹni tó kọ eré náà fara balẹ̀ fi gbogbo rẹ̀ hàn wá. Àmọ́ bí ọ̀bẹ ṣe jáde báyìí, gbogbo wa gbàgbé ìyókù.

"Ìyá rẹ̀ dà?" oníbàárà kan bèèrè.

"Ìyá wà ní shift, ó ń wẹ̀ fún arúgbó òyìnbó!" òmíràn dá a lóhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wa gbọ́wọ́ sókè. "Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká bí apààyàn o!"

"Àmín!"

Èmi náà ṣe é, sókè, èmi tí wọ́n máa ń bẹ̀ kí n gbóhùn sókè kí oníbàárà. Bí àdúrà bá ti bọ́ lẹ́nu àgbà, àmín á ti jáde kí n tó gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Obìnrin náà ṣe àmín pẹ̀lú. Awọ orí rẹ̀ le lábẹ́ ìka mi.

Mo yíjú sí ọ̀gá. "Àǹtí, ṣebí wọ́n kọ́kọ́ lé ọmọ yẹn…"

"Ẹ gbà mí, odi wa ti ń sọ̀rọ̀!" ni ọ̀gá wí. Mo padà sídìí irun.

Nígbà tí wọ́n kọjú sí eré padà, mo tẹ̀ sún mọ́ etí obìnrin náà. "Ẹ má bínú, mà."

Ó wò mí nínú dígí. "Bínú sí kí ni?"

Ó wojú mi títí.

"O mọ̀ mí," ó ní.

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìdajì irun ló kù. Ó wé ìborùn lé e, ó ní òun fẹ́ lọ gbé nǹkan. Wọ́n ní kó má pẹ́ o. Èmi tí mo mọ̀ pé kò ní padà ni mo ṣílẹ̀kùn fún un.