Aago Gogoro Tí Wọ́n Torí Ẹ̀ Pè Mí Lólè

Olè! Èmi tí mo ti ń tún aago ṣe ní Kétu láti ọjọ́ pípẹ́, ni wọ́n pè lólè níwájú mẹ́gáàdì. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ọkọ mi ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní ìwé kọ́ la fi ń tún aago ṣe. "Etí ni kó o lò," ló máa ń wí. "Aago tó dúró dáadáa, bó ṣe ń dún lọ́tùn-ún náà ló ń dún lósì. Èyí tí kò dúró dáadáa á máa tiro." Nígbà tó kú, mo jókòó sídìí tábìlì rẹ̀.

Fóònù alágbèéká ti dé, àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ gbé aago wá mọ́, nígbà tí ọ̀gá kan ránṣẹ́ pè mí sí ẹ̀sítéètì kan ní Ìkòsí. Ó ti gbé aago bàbá rẹ̀ tó dolóògbé dé láti Ìbàdàn, aago gogoro tó ga jù mí lọ. Ìyàwó rẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀.

"Mama, bàbá tó ń ṣe aago ńkọ́?"

"Wọ́n ti sùn. Èmi ló kù."

"Ẹ rọra o. Ẹrù àwọn bàbá wa ni o."

Mo so àwọn irin wúwo rẹ̀ rọ̀, mo fi irin gígùn tó ń fì kọ́, mo dẹtí. Mo ká páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan títí tó fi ń rìn gaara. Mo ní, "Ẹ má yọ páálí yìí o."

Ọjọ́ kẹta, wọ́n pè mí padà. Aago ti dákẹ́. Àbúrò ọ̀gá tó jẹ́ ẹnjiníà ti yọ páálí mi, ó ní ìwà ará oko ni. Ó fi irin ìwọ̀n àwọn bíríkìlà, èyí tó lómi nínú, wọn aago náà títí tó fi dúró ṣánṣán. Kò ṣiṣẹ́. Ló bá ní mo ti yọ nǹkan nínú ẹ̀.

"Mama, ẹ dá a padà!" ọ̀gá pariwo. "Ọ̀la làwọn ẹbí ń bọ̀ wá wò ó. Gbogbo ẹ̀sítéètì yìí ló máa gbọ́ orúkọ yín!"

Ó pe mẹ́gáàdì, ó ní kó tú àpò mi. Àpò mi! Ó tú epo, àkísà àti obì mi sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo níta yẹn," mo ní.

"Kí ló kan jẹnẹrétọ̀?"

"Ẹ pa á, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ṣe."

Mẹ́gáàdì jáde lọ pa á. Mo ti irin tó ń fì náà. Kó-kò, ó sinmi. Kó-kò, ó sinmi. Ó dákẹ́.

"Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń tiro? Ìta rẹ̀ ló dọ́gba. Inú rẹ̀ ti wọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ìdúró tiẹ̀ ló ń fẹ́, kì í ṣe ti bíríkìlà."

Mo dá páálí padà. Kó, kò, kó, kò. Ẹnjiníà ń wo bàtà rẹ̀. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín: "Mama the Mama! Ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀!"

Mo di irin tó ń fì náà mú. Aago dákẹ́.

"Ta lẹ pè lólè?"

"Ẹ má bínú, Mama, ara ló gbóná."

"Níwájú mẹ́gáàdì lara yín ti gbóná. Ẹ pè é wá."

Wọ́n rò pé eré ni. Ọwọ́ ń ro mí, n kò jọ̀wọ́ ẹ̀. Nígbà tó yá, ìyàwó fúnra rẹ̀ lọ pe mẹ́gáàdì. Ọ̀gá dorí kodò, ó ń kùn pé Mama ò jí nǹkan kan.

"Ẹ gbóhùn sókè," mo ní, "bẹ́ ẹ ṣe gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan."

Ó tún un sọ, ketekete. Mo wá jọ̀wọ́ irin náà.