Jíìpù Tí Mo Fọwọ́ Sí

Inú ṣì ń bí mi, mi ò ní purọ́.

Ìwé ni mò ń tẹ̀ ní Ṣómólú, òfin kan ṣoṣo ló sì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi: kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, oníbàárà á ka ẹ̀dà àkọ́kọ́, á fọwọ́ sí i. Tó bá ti fọwọ́ sí i, àṣìṣe tó bá kù di tirẹ̀. Àìmọye èèyàn ni mo ti bá jà lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan ń ṣe jíìpù kékeré ológe, wọ́n pe àwa àgbàlagbà kan láti Ṣómólú àti Bàrígà pé ká wá wo èyí tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ, ká sọ tinú wa. Tìtorí ìyá mi ni mo ṣe lọ, òun náà sì mọ̀. Orúnkún ń dà á láàmú, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń gbé e láti ilé rẹ̀ ní Ladi-Lak lọ sí ọsibítù. Ọkọ̀ tó lè wọ̀ láìkérora ni mò ń wá.

Ọkọ̀ náà rẹwà, kò ṣeé jiyàn. Àmọ́ òrùlé rẹ̀ dagẹ̀rẹ́ wálẹ̀ lẹ́yìn, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì há. Bí mo ṣe ń wọlé ni mo forí gbá a.

Mo ní, "Ẹ gbé òrùlé yìí sókè díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn yìí fẹ̀. Àgbàlagbà ò lè wọ ibí."

Ọmọbìnrin tó ya àwòrán ọkọ̀ náà rẹ́rìn-ín. "Daddy, shape yẹn gan-an ló ń tà á ní market o. Ṣùgbọ́n a ti gbọ́ yín, sà." Ó na ìwé kan sí mi. Wọ́n ti ń pín oúnjẹ, ni mo bá fọwọ́ sí i láìkà á. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n gbé ìwé ìpolówó ọkọ̀ náà wá. Òrùlé ò yí padà. Àwòrán tí wọ́n yà mí lọ́jọ́ yẹn wà níbẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Àwọn àgbà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn." Èwo nìyẹn? Ta ló tẹ́ lọ́rùn? Mo ní mi ò ní tẹ irọ́.

Ọkùnrin tó gbé iṣẹ́ náà wá fa ìwé kan yọ. "Ṣé signature yín kọ́ nìyí, sà? Ẹ wò ó, ẹ̀yin lẹ sọ pé ó tẹ́ yín lọ́rùn."

Èmi ni mo fọwọ́ sí i lóòótọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, mò ń bínú sí wọn, mò ń bínú sí ara mi.

Ìyá mi rí ẹ̀dà ìwé náà kan nínú báàgì mi. Ó wo àwòrán mi, ó wo ọkọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. O bá mi sọ fún wọn."